Ọjọ́ Tó Burú Jù Ni A Máa Ń Kọ

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Màámi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú àìsùn, ẹ kú àmúmọ́ra. Ó ti di oṣù mẹ́ta tí Bàámi ti lọ, mo sì mọ̀ pé ẹ ti gba kíkí títí ó fi sú yín, ṣùgbọ́n kíkí tèmi kò tíì tó, nítorí mi ò sí níbẹ̀ láti kí yín lójúkojú. Ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba. Bí mo bá fẹsẹ̀ kan jáde kúrò nílùú yìí kí wọ́n tó dá a padà fún mi, ìta ni mo máa wà nìyẹn. Ẹ má bínú pé mò ń tún un sọ. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń sọ fún ara mi láàárọ̀ ni, kí n má baà rò pé ọmọ burúkú ni mí.

Ẹ bi mí léèrè irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe gan-an, torí Bọ̀ọ̀dá sọ fún yín pé àwọn wèrè ni mò ń tọ́jú. Wọn kì í ṣe wèrè. Àgbàlagbà tó ń dá gbé ni wọ́n. Ara ẹlòmíràn ò dá, ọkàn ẹlòmíràn ló rẹ̀, ẹlòmíràn ò mọ̀wé kà. Iṣẹ́ wa ni pé kí ilé má bọ́ lọ́wọ́ wọn. A ó bá wọn ka lẹ́tà tí onílé kọ, a ó bá wọn tún ilé ṣe kí àwọn tó ń yẹ ilé wò tó dé, a ó sì wá ẹnì kan ládùúgbò tí yóò máa yọjú sí wọn.

Ọ̀kan wà nínú wọn tí mo sọ ní Bàbá Aago. Aago ló ń tún ṣe nígbà tó lágbára. Gbogbo aago tí àwọn oníbàárà rẹ̀ kò padà wá gbà ló wà nínú yàrá rẹ̀, lórí bẹ́ẹ̀dì, lábẹ́ tábìlì, títí dé ilé ìwẹ̀. Kò sí èyí tó bá ìkejì rẹ̀ mu. Bí mo bá ní kó má bínú pé mo pẹ́, á ní aago wo ni mo fi wò ó. Onílé fẹ́ lé e, ó ní ọjọ́ kan ni iná á sọ níbẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sílé àwọn arúgbó. Bàbá náà di ọwọ́ mi mú, kò sì fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin náà ńkọ́, Màámi? Nínú lẹ́tà yín tó kọjá ẹ ní ìkòkò kan jó mọ́ iná, ẹ sì ṣubú láti orí àpótí níbi tí ẹ ti ń so kọ́tìnì, ẹ tún ní ẹ ṣì máa ń bá Bàámi sọ̀rọ̀. Mi ò sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Mo ti kọ̀wé sí Bọ̀ọ̀dá pé kó wá ẹni tí á máa wà lọ́dọ̀ yín fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́. Mo kọ ọ́ lọ́nà tí kò fi ní lè gbójú fò ó.

Ẹ kọ gbogbo bó ṣe ń lọ fún mi. Etí yín ò gba fóònù, bí mo bá pè, "ṣé dáadáa lo wà" nìkan la ó máa pariwo fún ara wa títí káàdì á fi tán.

Kékeré yín.

Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹta

Kékeré mi,

Mo kí ọ o, mo kí iṣẹ́, mo kí òtútù tó ń bá ọ fínra. Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́rú. Onídìrí òdìkejì ọ̀nà ló bá mi gbà á, ó sì dúró tì mí títí mo fi kà á tán, ó ní òun fẹ́ gbọ́ bóyá o ti rí ọkọ.

Ọkàn mi ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Oúnjẹ ẹni méjì ni mo ṣì ń sè. Mo máa ń bu ti bàbá yín kí n tó rántí. Ìkòkò tí mo sọ fún ọ, ẹ̀ẹ̀kan péré ló jó. Mo gbé e kaná, mo lọ jókòó lórí àga rẹ̀, òórùn ló wá pè mí. Orúnkún tó bó náà ti jinná. O ní kí n máa sọ gbogbo ẹ̀ ni mo fi sọ ọ́, má lọ sọ ọ́ di nǹkan.

Mi ò dá wà. Ojú fèrèsé tó kọjú sí ọ̀nà ni ẹ̀rọ ìránṣọ mi ṣì wà. Bí Onídìrí bá gbálẹ̀ ìsọ̀ rẹ̀ tán tí mi ò tíì ṣí fèrèsé yẹn, á sọdá wá kan ilẹ̀kùn. Lánàá mo sùn kọjá àkókò, ló bá ń pariwo níta pé, "Ìyá Aránṣọ, ṣé oorun ni, àbí ẹ ti gba ọkọ mìíràn sílé?" Mo ní kó padà lọ bá àwọn tó ń dúró dè é, orí ti ń yún wọn. Aṣọ ilé ìwé ló pọ̀ lọ́wọ́ mi báyìí. Àwọn ọmọ náà ń ga kí n tó rán an tán.

Ẹ̀gbọ́n rẹ wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Kò jókòó. Ó fọwọ́ kan sítóòfù, ó mi àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, ó wo ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rà á. Ó mú ìwé kan dání. Bó bá wo nǹkan, á wo ìwé. Mo ní kí ló dé, ó ní kò sí nǹkan kan, Màámi. O mọ̀ ọ́n, bí òun bá ti ní kò sí nǹkan kan, nǹkan ti wà. Ó wá ní kí n wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ òun. Mo ní èmi tí aṣọ oníaṣọ wà lọ́wọ́ mi. Ó ní ọ̀sẹ̀ kan péré ni. Bóyá kí n lọ, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Kò tíì sọ̀rọ̀ bàbá yín sí mi létí láti ọjọ́ tí a ti sin ín.

Bá mi kí Bàbá Aago. Sọ fún un pé àwọn oníbàárà mi náà kì í wá gba nǹkan wọn lásìkò.

Kí ilẹ̀ àjèjì má ṣe gbàgbé pé ọmọ ẹni kan ni ọ́.

Ìyá rẹ.

Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Kékeré mi,

Mo kí ọ. Kì í ṣe ilé wa ni mo ti ń kọ èyí. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ ni, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta. Ọ̀sẹ̀ kan tó ní, ó ti di mẹ́rin.

Yàrá tí wọ́n fún mi mọ́, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sì rọ̀. Ògiri ilé kejì ni fèrèsé rẹ̀ kọjú sí, bí mo bá nawọ́ mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Aago méje ni tọkọtaya máa ń jáde lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n á gbé oúnjẹ sínú fúláàsì fún mi, wọ́n á kí mi pé ó dàbọ̀, wọ́n á sì ti géètì irin láti ìta. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ni kọ́kọ́rọ́ ń wà. Wọ́n ti yọ ohun tí a fi ń tan gáàsì. Àlùmọ́gàjí mi, ó ní kí n fi í sílẹ̀ nílé, pé ó mú. Mo ní kí ni àlùmọ́gàjí ìbá tún jẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ kò burú. Á kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, á dìde, á tilẹ̀kùn.

Mo bi ẹ̀gbọ́n rẹ pé ta ló sọ pé mi ò lè dá gbé mọ́. Ó ní ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú ló kọ ọ́ sínú ìwé. Mo rò pé dókítà ni. Dókítà wo? Ìgbà wo ló yẹ̀ mí wò? Mo ti ro gbogbo dókítà tí mo rí láti bí ọdún márùn-ún, mi ò rí ẹni tí mo ṣẹ̀.

Ní àná ni mo gbọ́ èyí tó ń dà mí láàmú jù. Ó ti fi ilé wa lọ tíṣà kan tó ń wá ilé. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ni tíṣà náà máa kó wọlé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Kékeré, bí ìdílé mìíràn bá fi lè tẹ́ ẹní sínú ilé yẹn, mi ò ní padà síbẹ̀ mọ́ láyé mi. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi.

Ìwọ ni iṣẹ́ rẹ jẹ́ pé kí ilé má bọ́ lọ́wọ́ àgbà. Bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni mo máa fún ní lẹ́tà yìí pé kó bá mi fi ránṣẹ́, torí mi ò rí ẹlòmíràn tí mo lè rán.

Ìyá rẹ.

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin

Màámi,

Ẹ kú ojú lọ́nà. Ẹ má bínú pé èsì mi pẹ́, ẹni méjì ló fi ọ́fíìsì wa sílẹ̀, èmi ni mò ń bẹ àwọn tiwọn wò mọ́ tèmi. Ẹ bá mi sọ fún Onídìrí pé mi ò tíì rí ọkọ, bàbá tó ní ogójì aago nìkan ni mo rí.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yanjú, Màámi, ilé kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣírí iṣẹ́ wa fún yín, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, bí mo bá fẹ́ kí ọ́fíìsì fún ẹnì kan ní ìrànlọ́wọ́, bí mo bá ṣe bá a lọ́jọ́ tí mo lọ ni mo máa ń kọ: ó wẹ̀, ó jẹun, ó rẹ́rìn-ín. Wọ́n á dá fọ́ọ̀mù padà pé kò nílò nǹkan kan. Ọ̀gá wa obìnrin wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ọjọ́ tó burú jù ni a máa ń kọ. Kò sẹ́ni tó ń fi ọjọ́ tó dáa ran ni lọ́wọ́." Kì í ṣe irọ́. A kàn máa ń mú ọjọ́ kan ṣoṣo, a ó sọ ọ́ bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ló ń rí lójoojúmọ́.

Bí mo ṣe kọ ti Bàbá Aago nìyẹn. Mo ní kò rí ọ̀nà dé ẹnu ilẹ̀kùn, mo ní ó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án láìbá ènìyàn sọ̀rọ̀. Wọ́n fún wa ní ẹni méjì tó bá wa kan pákó mọ́ ògiri, a to àwọn aago sórí rẹ̀. Ọkùnrin tó ń ta ìwé ìròyìn nísàlẹ̀ gbà láti máa wo kọ́tìnì rẹ̀ láràárọ̀, bí kò bá ṣí, á gòkè lọ. Onílé wá wò ó, ó ní kó máa gbé ibẹ̀.

Bí mo ṣe kọ tiyín sí Bọ̀ọ̀dá náà nìyẹn. Mo ní ẹ ò lè dá iná dá mọ́, mo ní ẹ máa ń ṣubú, mo ní ẹ máa ń bá Bàámi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó jókòó níwájú yín. Bọ̀ọ̀dá kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Inú mi dùn tí ẹ ní ó wá wo ilé. Ṣé ó ti rí ẹni tí á máa wá ràn yín lọ́wọ́?

Kékeré yín.

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù karùn-ún

Kékeré,

Mo kí ọ.

Lẹ́tà rẹ dé ilé wa, Onídìrí fi í rán ẹnì kan sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ níbi iṣẹ́. Bó ṣe ń tú àpò rẹ̀ láti mú un fún mi, lẹ́tà tí mo kọ sí ọ lóṣù tó kọjá bá a jáde. Ó káwọ́ lérí, ó ní òun gbàgbé. Mo gbà á gbọ́, ojú rẹ̀ ò jọ ti òpùrọ́. Mo fi í sínú àpòòwé yìí kan náà. Bí o kò bá tíì kà á, lọ kà á kí o tó máa bọ̀ níbí.

O ní mo máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ibẹ̀.

Mo bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ kó fi ìwé yẹn hàn mí. Ó kọ́kọ́ kọ̀, nígbà tó yá ó mú un wá. Mo mọ ọwọ́ náà. Èmi ni mo di ìka rẹ mú lórí síléètì nígbà tí o kò tíì lè fa ìlà kan kó dúró. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń bá dókítà kan jà nínú ọkàn mi, tí mo ń fi í sun Ọlọ́run, ọmọ mi ni.

Òótọ́ ni pé mò ń bá bàbá yín sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, ṣé oṣù mẹ́ta ni ẹnu mi á fi mọ̀ pé kò sí mọ́? O mú ìyẹn, o kọ ọ́ bí àìsàn.

Ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn tí ẹ wá fún Bàbá Aago, mo ní tèmi tẹ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bá mi wá a. Ìwé rẹ ló gbé mi kúrò lójú rẹ̀. Níbí, bí mo bá kú láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n á tó mọ̀, nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá padà dé.

Mi ò fi ọ́ gégùn-ún. Ṣùgbọ́n mi ò rí àdúrà kan fi parí lẹ́tà yìí. Máa ṣe iṣẹ́ rẹ.

Ìyá rẹ.

Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù karùn-ún

Màámi,

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Lẹ́tà méjèèjì bá mi pọ̀. Orí àtẹ̀gùn ilé ẹnì kan tí mo lọ bẹ̀ wò ni mo ti kà wọ́n, mi ò sì lè wọlé mọ́. Mo padà sílé, mo ní ara mi ò yá.

Mo pe Bọ̀ọ̀dá lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ní ohun tí mo kọ kì í ṣe bí nǹkan ṣe rí. Ó ní, "Èwo ni irọ́ nínú ẹ̀? Ṣé Màámi ò ṣubú ni?" Mo ní ẹ̀ẹ̀kan ni. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ló ń pa ènìyàn." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, mo sọ ohun tí kò yẹ kí àbúrò sọ sí ẹ̀gbọ́n, mo ní ó sọ yín di ẹlẹ́wọ̀n. Ó wá ní ọjọ́ kejì ni òun ṣètò láti wá wo Bàámi, tí wọ́n fi pe òun pé ó ti kú. Ó ní òun ò ní pẹ́ dé lẹ́ẹ̀mejì. Màámi, ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ̀rù náà ni mo sì fi ìwé mi fẹ́ná sí.

Mo ti kọ ìwé mìíràn sí i, ojú ewé mẹ́rin. Ọjọ́ tó dáa ni mo kọ sínú eléyìí. Mo kọ nípa àwọn aṣọ ilé ìwé, mo kọ nípa fèrèsé àti Onídìrí. Mo tún lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, mo ní ìyá mi wà nínú wàhálà, kí wọ́n jọ̀ọ́ bá mi yára dá ìwé mi padà. Ọmọdébìnrin tó wà níbẹ̀ ní kí n lọ jókòó. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń jókòó. Kò sí géètì lẹ́nu ọ̀nà mi, mo ń wọlé, mo ń jáde bó ṣe wù mí, mi ò kàn lè wá sọ́dọ̀ yín ni.

Nǹkan kan ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ẹnikẹ́ni tí mo bá kọ́kọ́ bẹ̀ wò níbí, kí n tó ṣí fọ́ọ̀mù, mo gbọ́dọ̀ bi í pé kí lẹ fẹ́. Mo bi Bàbá Aago. Mo kọ odindi ìwé nípa ìyá mi, mi ò bi í.

Mò ń bi yín báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn, kódà bí ẹ bá ṣì ń bínú.

Kékeré yín.

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù keje

Kékeré mi,

Mo kí ọ, mo kí ẹkún tí o sun. Ó tó bẹ́ẹ̀. Mo ti dárí jì ọ́ ṣáájú kí lẹ́tà rẹ tó dé, agídí ni kò jẹ́ kí n kọ ọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ tẹ́ ìwé rẹ méjèèjì sórí tábìlì níwájú mi. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ dìde, ó ní kó jókòó. Ó ní, "Màámi, ọwọ́ kan náà ló kọ ọ́. Èwo ni ká gbà gbọ́?"

Mo mọ èyí tó yẹ kí n mú. Mo ka èkejì náà. O yìn mí jù, ọmọ mi. O ní n kì í gbàgbé nǹkan, o ní ẹsẹ̀ mi dúró bíi ti ọmọge. Ta lò ń tàn? Bí mo bá gbà pé èyí ni òótọ́, ọjọ́ tí mo bá tún jó ìkòkò, wọ́n á ní mo purọ́, wọ́n á wá gbé mi.

Mo ní, "Òótọ́ ni méjèèjì. Mo ṣubú. Mo jó ìkòkò. Mò ń bá bàbá yín sọ̀rọ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ọjọ́ ti ń lọ. Ọjọ́ tó burú jù yẹn gan-an, ilé mi ni mo fẹ́ kó ti bá mi."

Ó ní, "Bí ẹ bá wá dá kú síbẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní, "Bàbá yín kò dá kú. Èmi di orí rẹ̀ mú, Onídìrí di ẹsẹ̀. Ó fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí. Oníbàárà rẹ̀ tẹ̀lé e wá pẹ̀lú ìdajì orí ní dídì, ìdajì ní títú, ó ń gbé omi wá fún wa. Ẹ̀yin ọmọ ni ẹ ò sí níbẹ̀. Kì í ṣe pé kò sẹ́nì kan."

Ó wọ yàrá lọ. Mo gbọ́ tó ń sunkún. Mi ò lọ bá a, mi ò sì mọ̀ bóyá mo ṣe dáadáa.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n lọ síbi iṣẹ́, mi ò gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́. Mo jókòó, mo ń retí kó rántí, kó padà wá tì í. Nígbà tó pẹ́, mo fọwọ́ ti géètì, ó ṣí. Mo sọ̀ kalẹ̀ dé ojú ọ̀nà. Mi ò mọ ibi tí mo lè yà sí. Oṣù mẹ́rin ni mo ti wà ládùúgbò yìí, mi ò mọ orúkọ ẹnì kan tí mo lè bi. Àwọn ènìyàn ń kọjá lára mi bí omi ṣe ń kọjá lára òkúta. Mo gòkè padà, mo sì fúnra mi pa géètì dé.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń sọ̀ kalẹ̀, tí mo ń padà. Lọ́jọ́ kẹrin, obìnrin kan tó ń sá aṣọ nísàlẹ̀ ní, "Ìyá, ẹ ti ń ṣọ́ ọ̀nà yìí jù, ta lẹ ń dúró dè?" Mo wo aṣọ ọwọ́ rẹ̀, abíyá rẹ̀ ti já. Mo ní kó wá abẹ́rẹ́ àti òwú wá. Bí mo ṣe ń rán an lórí àtẹ̀gùn, ó ń ṣàpèjúwe ibi tí ọkọ̀ tó ń lọ sọ́dọ̀ wa ti ń gbéra. Kò jìnnà. Gbogbo ìgbà yìí, kò jìnnà.

Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé mò ń lọ. Ó ní kí n ní sùúrù di Àbámẹ́ta, òun á fi ọkọ̀ òun gbé mi. Mi ò bá a jiyàn. Ọ̀sẹ̀ kan tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹta ni mo ṣì ń lò lọ́wọ́. Ọ̀la, ọjọ́ Ẹtì, ni obìnrin ìsàlẹ̀ máa sìn mí dé ìdí ọkọ̀. Mo ti kọ lẹ́tà kékeré kan tí mo máa fi sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ, pé mi ò sá fún un, pé kó máa wá sílé bó ṣe máa ń wá, kó jókòó lọ́tẹ̀ yìí.

Tíṣà kò tíì gbọ́ pé mò ń padà. Bó bá kó ẹrù rẹ̀ dé lọ́jọ́ kìíní, á bá mi nídìí ẹ̀rọ, ẹ̀yìn ìyẹn ni a ó tó mọ ohun tí a máa sọ.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀gbọ́n rẹ ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilé. Mi ò bi í, kó má baà jẹ́ pé èmi ni mo rán an létí.

Má kọ̀wé síbí mọ́. Ilé wa ni kí o kọ ọ́ sí. Bí ilẹ̀kùn kò bá ṣí fún mi, Onídìrí á mọ ibi tí mo jókòó sí, òun á bá mi gba lẹ́tà rẹ.

Ìyá rẹ.